Ta Ló Kọ́kọ́ Dé Etí Odò Ọbà? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Abúlé Kan Nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́

Abúlé kan wà ní etí Odò Ọbà, lápá ibi tí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ gbà kọjá. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sùn, ojú ló máa ń dì. Baálẹ̀ wọn kú. Wọ́n sin ín, wọ́n náwó, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìgbà tó kan ẹni tí yóò bọ́ sórí àga ni ẹbí mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ní àwọn ni bàbá àwọn tẹ ibẹ̀ dó.

Ọdẹ ni bàbá ńlá ẹbí kan. Ẹbí kejì ni àwọn tó ń gbé èrò sọdá odò láyé àtijọ́. Ẹbí onígbá ni wọ́n ń pè wọ́n, ìdí rẹ̀ á yé yín tó bá yá. Ẹbí kẹta ni àgbẹ̀. Àwọn ló pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ wọn sì ni baálẹ̀ tó kú àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti wá. Tísà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mi ò sì bá ẹbí kankan nínú wọn tan. Nítorí ìyẹn ni àwọn àgbà fi ní kí n gbọ́ tẹnu oníkálukú, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè gbé ìwé náà lọ sílé, ìyẹn Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn tí yóò bá wọn dá sí i. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mo ń sọ níhìn-ín, àti díẹ̀ tí mi ò kọ síbẹ̀.

Èmi gbà pé ìbéèrè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ibì kan, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ilé, àti ẹni tí ọba àti ìjọba mọ̀ sí onílẹ̀ ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹnì kan náà. Ní abúlé yìí, ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Bí ẹ bá wá ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn "ta ló kọ́kọ́ dé", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á dáhùn, kò sì ní sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí odò náà ṣe rí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọbà ti ń ṣàn lọ sí gúúsù títí tó fi pàdé Ọ̀ṣun. Ìtàn àwọn méjèèjì kò ṣàjèjì sí yín: orogún ni wọ́n nílé Ṣàǹgó, Ọ̀ṣun ló tan Ọbà tó fi gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí omi fi ń ru gùdù níbi tí wọ́n ti pàdé. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé fún ẹ̀rọ omi Ògbómọ̀ṣọ́, òun là ń mu lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá rántí wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọbà á fà títí tí yóò fi ku adágún adágún láàárín àpáta, ẹni tó bá ká ṣòkòtò dé orúnkún á là á kọjá. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án, odò náà á gba gbogbo àkùrọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa gbé igi lódindi lọ.

Àlejò tó bá gbọ́ pé abúlé etí odò ni yóò yà á lẹ́nu pé kò sí ilé kankan létí omi. Ilé wà lórí òkè pẹrẹsẹ kan, ó tó ìdajì máìlì sódò, gbogbo omi tí wọ́n sì ń lò kí kànga ẹ̀rọ tó dé, orí ni wọ́n fi ń rù ú gun òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwọn baba wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò gbọ́n. Wọ́n gbọ́n. Ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ni amúkùrù ń pamọ sí, kòkòrò kékeré dúdú tó ń jẹni lọ́sàn-án. Ìjẹ rẹ̀ ló ń gbé aràn tó ń jẹ́ kí ara yún ènìyàn, tó ń jẹ́ kí awọ ẹsẹ̀ ṣí bíi ti aláǹgbá, tó sì ń fọ́ni lójú nígbẹ̀yìn. Bí ilé bá ṣe súnmọ́ odò tó ni amúkùrù ṣe ń jẹ ará ibẹ̀ tó. Láyé àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀, àgbàlagbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ sóko kì í ṣe ohun ìyanu. Oògùn Mectizan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọrẹ láti 1987, tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún, ló jẹ́ kí èyí dínkù. Àwọn adágún tó ń kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tiwọn: sòbìà. Omi tó dúró sójú kan ni sòbìà ń gbé, ẹni tó bá mu ún lónìí, ó di bí ọdún kan kí aràn tó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àsìkò iṣẹ́ oko gan-an ló sì sábà máa ń yọ, tí alágbára ọkùnrin á fi wà nílẹ̀ tí koríko á bo ebè rẹ̀. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí kì í ṣe ojú kan náà ni àwọn ẹbí yìí gbé látilẹ̀.

Ẹbí ọdẹ ló kọ́kọ́ ro tiwọn. Olórí ẹbí wọn kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Tísà, nígbà tí bàbá wa débẹ̀, ẹfọ̀n ló ń mumi níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn." Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàbá wọn máa ń wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti ajá rẹ̀, torí nígbà tí gbogbo odò kéékèèké bá gbẹ, àwọn adágún Ọbà ni ẹran ń wá. Ó kàn ní láti lúgọ. Ó ní àpáta fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó fi ṣe àgọ́, wọ́n mú mi débẹ̀: ojúbọ Ògún wà níbẹ̀ títí dòní, irin wẹ́wẹ́ tó ti dípẹtà sì kún abẹ́ rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń bọ ọ́. Kò sí ẹbí mìíràn tó bá wọn jiyàn pé àwọn ni wọ́n ni àpáta yẹn, kódà àwọn àgbẹ̀ kì í dá iná sun igbó ibẹ̀ láìjẹ́ kí ẹbí ọdẹ mọ̀.

Mo wá bi í léèrè pé, "Bàbá, níbo ni ìyàwó wọn ń sùn ní àgọ́ náà?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpè. "Ìyàwó wo? Ìyàwó wà nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ṣé wọ́n ń kó ìyàwó lọ sígbó ọdẹ ni?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kò mọ̀ pé òun ti dáhùn ìdajì ẹjọ́.

Àwọn kan nínú ìpàdé tọ́ka sí ìtẹ̀dó Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ìtàn tí gbogbo wa jọ mọ̀ ni. Ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Ògúnlọlá dó sábẹ́ igi Àjàgbọn, ọdẹ ni. Ibi tó wà ló ti rí èéfín àwọn ọdẹ mìíràn: ọ̀kan ní Òkè-Ẹlẹ́rin, tó jẹ́ ọdẹ erin, tí ìtàn sì sọ pé ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan ní apá Ìjẹrù, ọ̀kan ní apá Ìsàpá. Ògúnlọlá ló kó wọn jọ tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Alọ́ngo sílẹ̀ láti máa jọ ṣọdẹ, kí wọ́n sì jọ dojú kọ àwọn akónilẹ́rú. Ìyàwó rẹ̀, Lọ́rungbẹ̀kún, ń pọn ọtí ọkà, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń mu ún sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń yanjú ọ̀rọ̀ sí. Nígbà tí Ògúnlọlá wá pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó gbé orí rẹ̀ fún Aláàfin Àjàgbó, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ Ṣọ̀ún títí dòní, kì í ṣe ọmọ ọdẹ erin.

Ẹbí àgbẹ̀ gbọ́ èyí, orí wọn wú. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ipò kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n tó parí ẹ̀rín wọn ni ọ̀kan nínú ẹbí ọdẹ ti dáhùn pé, "Ṣé àgbẹ̀ wá ni Ògúnlọlá ni?" Ó di ìgbà díẹ̀ kí ìpàdé tó balẹ̀.

Ẹbí onígbá ló fún mi níṣẹ́ jù. Iṣẹ́ bàbá wọn kò sí mọ́ láyé, ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ. Igbá ràgàjì méjì ni wọ́n ń dé pọ̀ tí wọ́n á fi di ẹyọ kan tí omi kò lè wọ̀. Èrò á gbá igbá náà mú níhìn-ín, onígbá á gbá a mú lódìkejì, wọ́n á kọjú síra wọn, onígbá á sì máa fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ títí wọn á fi dé òdìkejì odò. Ẹni tí kò mọ odò kò gbọdọ̀ wo ìsàlẹ̀. Ẹrù á wà lórí. Owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà. Irú igbá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò lórí àwọn odò ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kí afárá tó dé, àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ rìn nílẹ̀ wa sì gun ún. Ní etí omi, níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò, ojúbọ Ọbà wà níbẹ̀, ẹbí yìí nìkan ló ń bọ ọ́.

Ohun tí olórí wọn sọ ni pé ọmọ odò ni àwọn látọ̀runwá, pé kò sí ìgbà kan rí tí àwọn kò sí létí Ọbà. Mo rọra bi í pé ọ̀nà wo ni èrò ń gbà kọjá níbẹ̀. Ó ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọ̀yọ́ tí ọ̀nà yẹn lọ kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní àríwá, ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìsàlẹ̀ Ọbà. Nǹkan bí 1835 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú, nǹkan bí 1837 ni Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀nà tó kọjá níbẹ̀ tó di ọ̀nà ọba àti ọ̀nà ọjà. Ẹni tó ń fi gbígbé èrò jẹun kò lè máa dúró de èrò níbi tí èrò kò tíì máa gbà.

Ìyá àgbà kan ló ṣí ìyókù fún mi. Ọmọ ẹbí àgbẹ̀ ni wọ́n, ilé onígbá ni wọ́n sì ti ṣe ìyàwó, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ní wọ́n ń gbe ẹnì kan. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi ki ilé ọkọ yín." Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ṣé mo fẹ́ fún wọn lówó ni. Mo fún wọn lówó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èmi ń retí omi, mo ń retí ẹja, mo ń retí Ọbà. Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni mo gbọ́: ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́. Ogun, ọfà, igún tó ń jẹ òkú ojú ogun. Látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí odò nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn apá ibí yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìkòyí jẹ́ ìlú ńlá àwọn ẹ̀ṣọ́ Aláàfin, ogun tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká kò dá a sí, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sì sá wá sábẹ́ odi Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú kéékèèké mìíràn. Bàbá ńlá ẹbí onígbá kì í ṣe ọmọ odò látọ̀runwá. Ọmọ ogun tí ìlú rẹ̀ ti tú ni, ó rí ibi tí ọ̀nà tuntun ti kan odò, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́. Lójú tèmi, ìtàn yìí lọ́lá ju èyí tí olórí ẹbí wọn ń sọ lọ. Kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ọmọ Ìkòyí ni wá o, a ò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ pé a sá wá." Mo kọ pé wọ́n "ṣí wá".

Ọ̀rọ̀ òkú ló wá yí ẹjọ́ náà padà. Ẹbí àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ṣe ohun ìjà. Wọ́n ní bí ọdẹ bá tẹ ibẹ̀ dó, níbo ni sàréè bàbá ńlá wọn wà? Kò sí. Wọ́n gbàgbé pé tiwọn náà kò sí. A mọ bí ó ti rí pẹ̀lú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: oko ni yóò gbé lọ́pọ̀ ọdún, àmọ́ ilé ni yóò kú sí, bó bá sì kú sóko, wọ́n á gbé e wálé lóru. Iyàrá rẹ̀ wà nílé, àwọn bàbá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ nílé, egúngún rẹ̀ ilé ló ń jáde. Abúlé kò ju ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń gbé gbogbo òkú lọ sílé, sàréè tí kò sí kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí. Ohun tí sàréè ń fi hàn ni ìgbà tí oko di ilé.

Sàréè tó dàgbà jù lábúlé náà kò sí lórí òkè tí ilé wà báyìí. Ó wà nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbé èrò, igi pèrègún yí i ká. Obìnrin ló wà níbẹ̀, ìyàwó onígbá àkọ́kọ́. Ìyá àgbà sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀: "Níbo ni wọn ì bá gbé e lọ? Ìlú wọn ti di igbó." Ẹbí ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti gbé òkú lọ, ẹbí àgbẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹbí onígbá kò ní ibòmíràn. Àwọn ló kọ́kọ́ sin òkú síbẹ̀, àwọn ni àwọn ọmọ wọn sì kọ́kọ́ pe ibẹ̀ ní ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ẹbí àgbẹ̀ lára. Àmọ́ tiwọn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè máa gbé oko tó jìnnà sí odi nígbà ogun. Ẹni tí kò bá tètè padà lálẹ́ lè di ẹrú. Ìjà Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Àtìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí odi, tí oko ẹgàn di abúlé. Ìgbà yẹn ni bàbá ńlá ẹbí àgbẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ọmọ àti àwọn ìwọ̀fà rẹ̀. Wọ́n bá onígbá létí odò. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n ní òun ló fi ibi tí ilẹ̀ iṣu ti dára hàn wọ́n. Àwọn ni wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n tọ́jú ọ̀pẹ, tí wọ́n gbin obì. Nígbà tí owó orí sì dé, ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa kó o jọ, ẹbí tó pọ̀ jù ni wọ́n sì fi ṣe é. Mo rí àwọn rìsíìtì náà, eku ti jẹ etí wọn. Àlejò tó bá wá dáko, ọ̀dọ̀ wọn ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ sí, iṣu àti epo láyé àtijọ́, owó lóde òní.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan lójú gbogbo ènìyàn: ṣé ẹ ti gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onígbá rí? Wọ́n wo ara wọn. Olórí wọn, tó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ní rárá. Láti ọ̀dọ̀ ọdẹ ńkọ́? Rárá. Nínú gbogbo ẹ̀rí tó jáde, èyí ni mo kà sí èyí tó wúwo jù, torí ẹnu ẹni tó lè fi irọ́ jèrè ló ti jáde. Ẹni tí kò san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ láti ìran dé ìran kì í ṣe àlejò rẹ.

Bí gbogbo wọn ṣe gun orí òkè, ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ọmọdébìnrin tó ti ń rumi ni wọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru, ìyẹn 20 oṣù Karùn-ún 1947, tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, orí òkè ni wọ́n wà tí àwọn adìyẹ fi wọlé sùn. Wọ́n rántí pé àwọn àgbà ń sọ pé ìbá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni àwọn ṣì wà, àwọn ì bá sọ pé Ọbà ló bínú. Odò ti kún wọ ilé onígbá ṣáájú ìgbà náà, ogiri wó lóru, wọ́n sì sá gòkè lọ bá ẹbí àgbẹ̀. Ní ti amúkùrù, kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún wọn kí wọ́n má padà sísàlẹ̀. Ibi tí abúlé wà lónìí, nígbà náà, ibi tí ẹbí méjì ti pàdé ni, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ dó sí.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó fẹ́ kí n kọ. Ní ìkọjá oko kajú, òkìtì kan wà, igi oṣè ńlá méjì ló dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rìn nínú igbó ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé níbi tí a bá ti rí oṣè ńlá báyìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn má ti gbé ibẹ̀ rí. Àfọ́kù ìkòkò kún ibẹ̀, mo sì ṣa ìdàrọ́ lẹ́sẹ̀ igi náà, ìdọ̀tí irin tó ń kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ ọ nínú iná. Kò sí alágbẹ̀dẹ nínú ìtàn ẹbí kankan. Ọdẹ kò yọ́ irin níbẹ̀, onígbá kò yọ́, àgbẹ̀ kò yọ́. Àwọn kan ti gbé ibẹ̀, wọ́n ní iná, wọ́n ní ìkòkò, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ti lọ kí ẹfọ̀n tó máa mumi níbi tí ọdẹ bá a. Olórí ẹbí ọdẹ bá mi débẹ̀, ó tapá sí ìdàrọ́ kan, ó ní, "Àwọn yẹn kò wá jẹ baálẹ̀ kankan, Tísà. Jẹ́ ká lọ."

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń jà báyìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra wọn lọ́kọ láya? Yanrìn ni. Típà ń wá kó yanrìn létí Ọbà fún àwọn tó ń kọ́lé, ẹni tó bá jẹ́ baálẹ̀ ló ń bu ọwọ́ lùwé fún wọn. Kajú náà ń mówó wọlé, igi ọlọ́jọ́ gígùn ni, ẹni tí kò dá a lójú pé òun ló ni ilẹ̀ kò ní gbìn ín. Òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ní agbára láti fúnni ní ìwé lórí ilẹ̀ ìgbèríko, àmọ́ ẹ lọ bi awakọ̀ típà léèrè bóyá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí. Nínú ìwé tí mo kọ, mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún yanrìn, wọ́n bínú sí mi nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ìtàn ni wọ́n ní kí n kọ.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé, àwọn àgbà tó mọ̀ nípa àwọn abúlé náà jókòó lé e lórí, wọ́n ka ìwé mi sókè, wọ́n sì dá a báyìí. Ipò baálẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí àgbẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni wọ́n ti bá a, àwọn ni ìlú sì mọ̀. Àmọ́ baálẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ jẹ láìjẹ́ pé olórí ẹbí onígbá mú un débi sàréè ìsàlẹ̀ odò kí ó tó mú un lọ sílùú, bí ẹbí onígbá bá sì kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Ẹbí ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ tú omi sílẹ̀ níbikíbi tí abúlé bá ti pé jọ, àpáta wọn àti igbó tó yí i ká kò sì sí lábẹ́ baálẹ̀. Kò sí ẹbí kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún èkejì. Òkìtì olóṣè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dáko.

Mo rò pé ìdájọ́ náà dára. Bàbá kan níbẹ̀ ló fi kún un pé kí wọ́n kọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn sínú ìwé kan, ọdẹ, onígbá, àgbẹ̀, bí wọ́n ṣe dé, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa kà á. A ti ṣe ìyẹn. Àwọn olórí ẹbí tẹ̀ka sí i, ọ̀kan fọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ti yanrìn ni wọn kò tíì fọwọ́ sí. Ẹbí àgbẹ̀ ní kí wọ́n pín owó náà sọ́nà mẹ́ta, ẹbí onígbá ní etí odò kì í ṣe ohun tí àwọn ń bá ẹnikẹ́ni pín, ẹbí ọdẹ ní kí wọ́n lé típà lọ pátápátá torí adágún tí ẹran ń mu ti ń dí. Wọ́n ti fi igi dábùú ọ̀nà típà ná. Lẹ́yìn ọdún egúngún ni wọ́n tún fi ìpàdé sí, wọ́n sì ti ní kí n mú ìwé mìíràn dání.